Gìgísẹ̀ tó ń gún mi láàárọ̀: ṣé wíwọ́ àti títẹ kókó iṣan lè ràn mí lọ́wọ́?

Olùkọ́Mọ́níyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi yìí. Olùkọ́ ni mí. Ìdúró ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Sìmẹ́ǹtì lásán ni ilẹ̀ kíláàsì wa, bàtà pẹlẹbẹ sì ni mo máa ń wọ̀. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí gìgísẹ̀ ọ̀tún mi ti ń dùn mí. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó máa ń gún mi débi pé màá di ògiri mú kí n tó lè dé ilé ìwẹ̀. Tí mo bá rìn díẹ̀, á rọlẹ̀. Bó bá wá di ìrọ̀lẹ́, tí mo ti jókòó máàkì ìwé àwọn ọmọ, bí mo bá ní kí n dìde báyìí, á tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ti fi Robb pa á. Mo ti fi omi gbígbóná àti iyọ̀ rẹ ẹ́. Mo ti ra oògùn ìrora ní kẹ́mísì. Wákàtí díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ mọ. Ọ̀gá kan níléèwé wa ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́ sí gìgísẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n máa wọ́ ọ, pé ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń wá kókó inú iṣan tí wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ títí á fi rọ̀. Ta ló mọ̀ nípa rẹ̀ níbí? Ibo gan-an ni wọ́n ń tẹ̀? Mi ò fẹ́ fi ọwọ́ ara mi bá ẹsẹ̀ náà jẹ́ jù bó ṣe wà lọ.

ÌyáAláta

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Mo ta ata ní Bódìjà títí irun mi fi funfun, nítorí náà ìdúró kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ mi. Ohun tí ìyá mi fi ń tọ́jú ẹsẹ̀ wọn ni èmi náà fi ń tọ́jú tèmi.

Lálẹ́, bí mo bá wẹ̀ tán, màá bu òrí díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, màá fi ọwọ́ méjèèjì ra á títí á fi yọ́, màá wá fi pa ẹsẹ̀ láti abẹ́ orúnkún wá sí ìsàlẹ̀. Tí kò bá sí òrí, àdín náà dára. Lẹ́yìn náà, màá jókòó sórí àpótí, màá gbé ọmọ odó kékeré sílẹ̀, màá máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i síwá sẹ́yìn. Má tẹ̀ ẹ́ le o. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà mìíràn màá dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ọmọ-ọmọ mi á máa fi ẹsẹ̀ rìn lórí ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi, á fi ọwọ́ di ògiri mú kó má baà já lulẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn ni mo máa ń pè, kì í ṣe àwọn gìrìpá. Ibi tó bá tẹ̀ tí mo bá ní "ó ń dùn mí o", níbẹ̀ gan-an ni màá ní kó dúró sí díẹ̀. Oorun tí mo máa ń sùn lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Má tíì gba abẹ́rẹ́ kankan. Kọ́kọ́ fi ọwọ́ wò ó ná.

FisíòẸlẹ́sẹ̀

Ẹ kú orí ire, Màmá. Ọ̀rọ̀ yín yẹn ló ṣe kókó jù níbí, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ tó kà á má kíyè sí i: orí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ni ọmọ-ọmọ yín ń tẹ̀, kì í ṣe orí gìgísẹ̀.

Olùkọ́, iṣẹ́ fisíò, ìyẹn ìtọ́jú iṣan àti oríkèé ara, ni mò ń ṣe, irú ẹsẹ̀ yín yìí sì ni mo ń rí jù lọ lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ọlọ́pàá ojú títì àti àwọn tó ń ta ọjà lórí ìdúró. Ìrora tó ń mú èèyàn ní ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀, tó ń rọlẹ̀ tí a bá ti ń rìn, tó tún ń padà lẹ́yìn ìjókòó pípẹ́, plantar fasciitis ni àwọn dókítà sábà máa ń pè é. Iṣan pẹlẹbẹ kan tó yi wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, láti egungun gìgísẹ̀ títí dé ìdí àwọn ìka. Bí a bá sùn lóru, iwájú ẹsẹ̀ máa ń tẹ̀ sísàlẹ̀, iṣan yẹn àti ẹran ẹ̀yìn ojúgun á sì sún kì. Ìgbà tí a bá jí tí a gbé gbogbo ìwúwo ara lé e lójijì ló máa ń gún ni.

Àmọ́ iṣan pẹlẹbẹ yẹn nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Egungun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan, ìpele mẹ́rin sì ni àwọn iṣan àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn iṣan tó lágbára jù lórí gìgísẹ̀ kò gbé inú àtẹ́lẹsẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn ojúgun ni wọ́n wà. Èyí tó yọ síta tí a ń rí lára ẹni tó máa ń gun òkè ni gastrocnemius. Abẹ́ rẹ̀ ni soleus wà, ó pẹlẹbẹ, ó fẹ̀, òun ló sì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá fi wà lórí ìdúró. Àwọn méjèèjì para pọ̀ di okùn iṣan Achilles tó so mọ́ ẹ̀yìn egungun gìgísẹ̀. Okùn kànga ni kí ẹ fi wé: ọwọ́ tó ń fà á wà lókè, korobá tó ń mì wà nísàlẹ̀. Bí kókó bá wà nínú soleus, gìgísẹ̀ ni ìrora rẹ̀ sábà máa ń jáde sí. Tó bá jẹ́ gastrocnemius ni, ó lè jáde sí ihò àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni náà lè máà mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe ẹ̀yìn ojúgun òun títí ọwọ́ á fi kàn án.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ tan ọ̀rọ̀ kókó iṣan yìí kálẹ̀ jù lọ ni Janet Travell, obìnrin dókítà ará Amẹ́ríkà tó tọ́jú Ààrẹ John F. Kennedy nígbà tí ẹ̀yìn ń dà á láàmú. Òun àti David Simons jọ kọ ìwé ńlá lórí rẹ̀. Apá kìíní, tó dá lórí òkè ara, jáde ní 1983. Èyí tó dá lórí ìdí, itan àti ẹsẹ̀ jáde ní 1992. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ àwòrán ibi tí ìrora iṣan kọ̀ọ̀kan ń sá lọ.

Ó yá, ẹ bọ́ bàtà. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn lé orúnkún kejì. Ẹ fi ìka wá etí egungun ojúgun lápá inú. Ẹ wá sún àtàǹpàkò sẹ́yìn díẹ̀ kó bọ́ kúrò lórí egungun sínú ẹran. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lọ sókè títí dé ìdajì ojúgun, àti sí ẹ̀yìn náà. Ẹ má kánjú. Ẹ óò bá ibì kan tó le ju àyíká rẹ̀ lọ, tí ìrora rẹ̀ yàtọ̀. Nígbà mìíràn, bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lẹ óò máa mọ̀ ọ́n nínú gìgísẹ̀ gan-an. Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má fi agbára jàgídíjàgan, ẹ kàn fi ọwọ́ dúró lé e láàárín 30 ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ máa mí dáadáa. Á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ lè fi àtàǹpàkò wọ́ ọ ní kúkúrú kúkúrú láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Bí a bá pe ìrora tó burú jù ní 10, kí títẹ̀ yín má kọjá 5 tàbí 6. Ẹni tó bá ti ń di èémí mú, tó ń fún ojú pọ̀, ti tẹ̀ ẹ́ jù, iṣan náà á sì le mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ sàn ju kí ẹ fi gbogbo alẹ́ Sátidé tẹ̀ ẹ́ títí á fi bó.

Ìgbà tí ẹ bá ṣe ẹ̀yìn ojúgun tán ni kí ẹ tó wá sí àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ odó Màmá dára. Ìgò, bọ́ọ̀lù tẹníìsì, gbogbo wọn dára. Ẹ jókòó ṣe é, ẹ má dúró lé e. Ẹ yí i láti iwájú gìgísẹ̀ lọ sí ìdí àwọn ìka, kí ẹ sì dé etí inú ihò àtẹ́lẹsẹ̀, torí iṣan kan wà níbẹ̀, abductor hallucis, tí ìrora tirẹ̀ náà máa ń jáde sí ẹ̀gbẹ́ inú gìgísẹ̀. Ẹ má fi nǹkan líle gún ojú ibi tó ń dùn jù lórí egungun gìgísẹ̀. Kò sí kókó kankan níbẹ̀ láti tú, ẹ kàn máa bí i nínú ni.

OníbéèrèTòótọ́

Ẹ̀gbọ́n Fisíò, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n béèrè. Mo ti kà á pé àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kókó iṣan yìí. Wọ́n ní bí olùtọ́jú méjì bá fi ọwọ́ wá kókó lára ẹnì kan náà, ibi tí ti àkọ́kọ́ ní ó wà lè yàtọ̀ sí ibi tí ìkejì máa sọ. Ṣé kì í ṣe pé ibikíbi tí èèyàn bá tẹ̀ le lára ẹni tó ti rẹ̀ ló máa dùn ún? Èmi náà ní gìgísẹ̀ tó ń dùn, torí náà kì í ṣe pé mo wá jà. Mi ò kàn fẹ́ ká máa náwó lórí nǹkan tí kò dájú.

FisíòẸlẹ́sẹ̀

Ìbéèrè tó yẹ ni. Òótọ́ ni pé àríyànjiyàn wà lórí ohun tí kókó náà jẹ́ gan-an, òótọ́ sì ni pé ọwọ́ àwọn olùtọ́jú kì í sábà pàdé síbì kan. Mi ò ní sọ fún yín pé nǹkan kan wà tí a lè yà ní fọ́tò kí a sì pè é ní kókó. Ohun tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé ni pé ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó le máa ń da gìgísẹ̀ láàmú, àti pé bí a bá tú u, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí ìtura.

Wọ́n sì ti dán an wò. Ní Bràsíl, àwọn oníwádìí pín àwọn ènìyàn 60 tí gìgísẹ̀ ń dùn sí ọ̀nà méjì. Àwọn apá kan ń na ẹsẹ̀ fúnra wọn. Àwọn apá kejì ń na ẹsẹ̀ bákan náà, àmọ́ wọ́n tún ń tẹ kókó inú ẹran ẹ̀yìn ojúgun fún wọn. Lẹ́yìn oṣù kan, ara tu àwọn apá kejì ju àwọn tó nà án nìkan lọ. Ọdún 2011 ni wọ́n gbé e jáde. Ènìyàn 60 kò pọ̀, oṣù kan kò sì pẹ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó pé àwọn méjèèjì ló na ẹsẹ̀. Wíwọ́ kò gba ipò nínà, àfikún ló jẹ́. Ẹni tó bá ní òun á fi ọwọ́ nìkan wò yín sàn, kí ẹ máa sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ayé, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àtàǹpàkò yín kò gba owó lọ́wọ́ yín.

AránṣọÒṣogbo

Ẹ̀gbọ́n Fisíò, ẹ gbà mí o. Tèmi kì í ṣe gìgísẹ̀. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mò ń lò, àwọn ọlọ́jà aṣọ ẹbí kì í sì í jẹ́ ká sinmi. Bó bá ti di ọwọ́ alẹ́, iwájú ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún mi á máa ro mí, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yẹn náà á máa ta mí, bẹ́ẹ̀ ni n kò fi gbá nǹkan. Mo ti yọ bàtà, mo ti pa èékánná, mo rò pé èékánná ló wọ ẹran. Kò sí nǹkan níbẹ̀.

FisíòẸlẹ́sẹ̀

Àbúrò mi, ìyẹn tún yàtọ̀. Iṣan tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè ni tibialis anterior, ẹ̀gbẹ́ òde egungun ojúgun ló wà láti abẹ́ orúnkún wá. Ní gbogbo ìgbà tí o bá gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè kí o tó tún tẹ irin náà, òun ló ń ṣiṣẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lóòjọ́. Ìrora rẹ̀ sì máa ń jáde sí iwájú ọrùn ẹsẹ̀ àti àtàǹpàkò.

Jókòó, gbé ọwọ́ lé abẹ́ orúnkún, sọ̀ kalẹ̀ bí ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kí o wá yọ ìka kúrò lórí egungun sí apá òde. Bí o bá gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè, ẹran tó bá le sí ọ lọ́wọ́ nìyẹn. Òun ni kí o tẹ̀. Gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ kejì gan-an lè bá ọ ṣe é: fi òrí pa á, kí o wá fi gìgísẹ̀ òsì wọ́ ọ láti òkè wá sísàlẹ̀ níbi tí o ti jókòó síbẹ̀.

Tún wo àga rẹ. Bí ó bá kéré jù, orúnkún rẹ á ga ju ìdí lọ, ẹsẹ̀ á sì ní láti tẹ̀ sókè púpọ̀ kó tó rí irin tẹ̀. Fi tìmùtìmù gbé ara sókè díẹ̀. Kí ẹsẹ̀ kejì náà máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí iwájú ẹsẹ̀ bá dédé rọ tí kò ṣeé gbé mọ́, tàbí tí ẹ̀yìn àtàǹpàkò kú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ wíwọ́ mọ́, lọ sí ilé ìwòsàn.

Àǹtíníléèdì

Mo ń kà yín láti Leeds níbí. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wákàtí méjìlá lórí ìdúró, ká tún máa gbé èèyàn láti bẹ́ẹ̀dì sí àga. Gbogbo wa níbẹ̀ la mọ ìrora gìgísẹ̀. Ohun tí NHS, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, ń sọ fún wa ni pé ká sinmi ẹsẹ̀, ká wọ bàtà tó fẹ̀ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kò ga tí abẹ́ rẹ̀ sì rọ̀, ká fi yìnyín tí a fi aṣọ wé lé e fún bí ogún ìṣẹ́jú ní wákàtí méjì-mẹ́ta síra. Ike omi tó ti dì nínú fìríìsà ni mo máa ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ nígbà tí mo bá ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ó ń wọ́ ọ, ó sì ń mú un tutù.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an ni èyí. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ti Lọ́ndọ̀nù wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Èkó fún ìsìnkú, ó sì padà. Ẹ̀yìn ojúgun òsì rẹ̀ ń ro ó, ó rò pé ìjókòó ọkọ̀ ló fà á, ó ní kí n bá òun wọ́ ọ. Mo fẹ́ ṣe é. Ìgbà tó ká ṣòkòtò ni mo rí i pé ẹsẹ̀ òsì tóbi ju ọ̀tún lọ, awọ ibẹ̀ ń dán, ó gbóná lábẹ́ ọwọ́ mi. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní kí n gbé ọwọ́ mi kúrò lójú ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn ló gbà lọ, ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì wéra kí ẹ tó gbé ọwọ́ lé e.

FisíòẸlẹ́sẹ̀

Àǹtí, Ọlọ́run á san án fún yín. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó pọ́n tàbí tó ń dán, pàápàá lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nínú oyún tàbí lẹ́yìn ìbímọ, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ́ ọ. Bí ẹ̀jẹ̀ tó dì bá já, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, ó sì lè pa èèyàn. Bí ẹni náà kò bá lè mí dáadáa tàbí tí àyà ń dùn ún, ojú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n sáré gbé e. Màmá Aláta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ èyí fún àwọn ìyá ìkókó tó ń gbé ẹsẹ̀ wá fún yín pé kí ẹ bá wọn wọ́.

ÌyáAláta

Mo gbọ́, ọmọ mi. Màá sọ ọ́ lọ́jà lọ́la. A ti máa ń sọ pé òtútù ló wọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀.

ỌmọIléOlóyè

Ẹ jọ̀wọ́, bàbá mi ń kọ́? Ìtọ̀ ṣúgà wà lára wọn, ó ti pẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn máa ń ta wọ́n lóru, wọ́n á ní iná ń jó wọn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ní ọ̀sán, wọn kì í mọ̀. Wọ́n ti ní kí n wá ọmọ odó fún àwọn bíi ti Màmá. Ẹ̀gbọ́n wọn kan láti abúlé sì ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i, pé ẹ̀jẹ̀ búburú ló wà níbẹ̀.

FisíòẸlẹ́sẹ̀

Ẹ dá gbẹ́rẹ́ yẹn dúró. Mo ń bẹ yín, kí abẹ́ kankan má kan ẹsẹ̀ bàbá.

Iṣan ara tó ń gbé ìmọ̀lára ni ìtọ̀ ṣúgà ti ń bà jẹ́ níbẹ̀, ìyẹn ló fi ń ta wọ́n tí wọn kò sì mọ nǹkan lára. Ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan lára kò lè sọ fún yín pé títẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọmọ odó lè bó awọ wọn kí wọ́n má mọ̀. Omi gbígbóná lè jó wọn kí wọ́n má mọ̀. Ojú gbẹ́rẹ́ kéékèèké lè di egbò tí kò ní jinná, irú egbò bẹ́ẹ̀ ló sì ń mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ àwọn onítọ̀ ṣúgà. Mo ti dúró ti ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ti kọ́ ọ bí á ṣe máa fi igi rìn. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún bàbá yín.

Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń rí dókítà fún ṣúgà, kí ẹ sọ ohun tí ẹ sọ fún wa yìí gẹ́lẹ́. Oògùn wà tó lè dín títa yẹn kù. Nílé, ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn àti àárín àwọn ìka, ẹ fi dígí sísàlẹ̀ bí wọn kò bá lè tẹ̀ ba. Kí wọ́n má rìn láìwọ bàtà, nínú ilé pàápàá. Kí wọ́n fi ọwọ́ gbọn inú bàtà wò kí wọ́n tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi òrí pa ẹsẹ̀ wọn kó má sán, ẹ fi pẹ̀lẹ́ pa á, àmọ́ kó má wọ àárín àwọn ìka.

ỌmọIléOlóyè

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n wọn lórí fóònù, mo ti ní kí wọ́n má wá mọ́. Mọ́ńdè la máa lọ sí ilé ìwòsàn.

Olùkọ́Mọ́níyà

Ẹ kú ọpọlọ, gbogbo yín. Mo ti fi àwọn ẹsẹ̀ méjèèjì wéra bí Àǹtí ṣe sọ, wọ́n dọ́gba, kò sí ṣúgà lára mi. Mo wá jókòó, mo ṣe bí Fisíò ṣe wí. Háà! Òkè ọrùn ẹsẹ̀ díẹ̀, lápá inú, ibì kan wà níbẹ̀ tí mo tẹ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò dìde, gìgísẹ̀ mi sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Mi ò mọ̀ rí pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Mo tẹ ti òsì wò, kò dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ wá sọ ti nínà tí ẹ mẹ́nu kàn. Àti abẹ́rẹ́ tí ọ̀gá wa sọ. Wọ́n tún ní egungun ló hù sí wọn ní gìgísẹ̀, pé àwòrán fi hàn bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù sì ti bà mí pé tèmi náà ti hù.

FisíòẸlẹ́sẹ̀

Ẹ má jẹ́ kí egungun yẹn dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in tí gìgísẹ̀ wọn kò sì dùn wọ́n rí. Rírí tí wọ́n rí i nínú àwòrán kò fi hàn pé òun ló ń dun yín.

Nínà àkọ́kọ́, orí bẹ́ẹ̀dì ni, kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn lé orúnkún kejì, ẹ fi ọwọ́ di àwọn ìka rẹ̀ mú, kí ẹ fà wọ́n wá sí ọ̀nà ojúgun títí ihò àtẹ́lẹsẹ̀ á fi le. Ẹ fi ọwọ́ kejì kàn án, ẹ óò gbọ́ ọ bí iṣan pẹlẹbẹ abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ náà ṣe yọ. Ẹ ka 10, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ ṣe é ní ìgbà mẹ́wàá. Ẹ tún un ṣe ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà dán èyí wò, wọ́n gbé e jáde ní 2003, ó sì ṣe àwọn aláìsàn wọn lóore ju nínà Achilles nìkan lọ.

Ti ògiri ni èkejì. Ẹ gbé ọwọ́ lé ògiri, ẹsẹ̀ tó ń dùn wà lẹ́yìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ pátápátá, orúnkún rẹ̀ nà gbọọrọ. Ẹ fi ara ti iwájú, kí ẹ dúró fún 30 ìṣẹ́jú àáyá. Gastrocnemius lẹ nà yẹn. Láì gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ wá tẹ orúnkún yẹn síwájú díẹ̀ kó má nà gbọọrọ mọ́. Nínà náà á sọ̀ kalẹ̀ sí soleus, ibi kókó yín gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ti gbọọrọ, wọn kì í ṣe ti èyí tó tẹ̀, bẹ́ẹ̀ èyí tó tẹ̀ ni ẹni tó ń dúró gbogbo ọjọ́ nílò jù. Ẹ lè ṣe é sára ògiri kíláàsì nígbà tí àwọn ọmọ bá ń kọ iṣẹ́ wọn.

Bí ìrora bá ti dín, ẹ gbọ́dọ̀ fún iṣan náà lágbára, torí ìdúró kò ní dẹwọ́ fún yín. Ní Dẹ́nmárkì, wọ́n ní kí àwọn aláìsàn dúró lórí àtẹ̀gùn, kí wọ́n ká tówẹ̀lì sábẹ́ ìka ẹsẹ̀ kí àwọn ìka náà lè tẹ̀ sókè, kí wọ́n wá gòkè lórí ẹsẹ̀ kan: ìṣẹ́jú àáyá 3 ní gígòkè, 2 ní òkè, 3 ní sísọ̀. Lọ́jọ́ kan ẹ ṣe é, lọ́jọ́ kejì ẹ sinmi. Ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ bó bá ṣòro, kí ẹ di ògiri mú.

Abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń gún sí gìgísẹ̀ lè dín ìrora kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmọ́ ó lè sọ ọ̀rá tó ń gba ìwúwo lábẹ́ gìgísẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iṣan pẹlẹbẹ yẹn sì lè já. Bí ó bá tilẹ̀ máa dé ibẹ̀, ọwọ́ dókítà egungun ni, kì í ṣe ti kẹ́mísì.

Ọ̀pọ̀ gìgísẹ̀ báyìí máa ń san kí ọdún kan tó pé láìsí iṣẹ́ abẹ, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìrora bá ń jí yín lóru tí ẹ kò tẹ ilẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá kú, bí ibà bá wà pẹ̀lú rẹ̀, tàbí tí ẹ kò lè gbé ìwúwo lé e rárá lẹ́yìn tí ẹ ṣubú, ẹ má dúró dè é.

OníbéèrèTòótọ́

Mo ti ṣe èyí tó tẹ̀ lára ògiri lálẹ́ àná. Èmi tí mo ti ń na ti gbọọrọ láti ọjọ́ pípẹ́, n kò mọ̀ pé ibòmíràn ni èyí ń fà. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan péré ló kù: ṣé kí n wọ́ ọ kí n tó nà án, àbí kí n nà án kí n tó wọ́ ọ?

FisíòẸlẹ́sẹ̀

Ẹ wọ́ ọ ná, kí ẹ tó nà án. Bí ẹ bá lè fi tówẹ̀lì tí ẹ rì bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ jó ẹ̀yìn ojúgun ṣáájú, á tún rọrùn fún ọwọ́ yín. Àmọ́ ti àárọ̀ orí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹ má dúró de omi kankan. Nínà ni kó ṣáájú ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́.

Olùkọ́Mọ́níyà

Bàtà ń kọ́, Fisíò? Ilé ìwé wa kò fẹ́ bàtà eré ìdárayá.

FisíòẸlẹ́sẹ̀

Ẹ wá bàtà aláwọ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀, bí ìwọ̀n ìbú àtàǹpàkò, tí abẹ́ rẹ̀ nípọn tí kò sì ṣeé ká sí méjì. Ẹ ra fóòmù inú bàtà tó gbé ihò àtẹ́lẹsẹ̀ sókè, kí ẹ ki í bọ inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ti tó, kò dìgbà tí wọ́n bá wọn ẹsẹ̀ yín kí wọ́n tó ṣe é. Ẹ gbé sílípáàsì sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ẹ má baà fi ẹsẹ̀ lásán tẹ sìmẹ́ǹtì láàárọ̀. Bí ẹ bá sì lè bá wọn sọ ọ́ níléèwé kí wọ́n gbé àga gíga kan sí iwájú pátákó, kí ẹ máa fi ìdí ti í láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì, ẹ bá wọn sọ ọ́.